Bátìrì Jímọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa: okun o. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Kò sí lọ́kàn mi láti sọ ọ́ rárá, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ti ká mi mọ́.

Bátìrì ọkọ̀ ni mo ń ṣáàjì. N ò ní dárúkọ ìlú wa, torí ìwé yín ń ti Ìlọrin dé ọ̀dọ̀ wa. Kò jìnnà sí Ìyàrá. Nígbà náà iná ìjọba ò tíì dé, jẹnẹrétọ̀ mi nìkan ló wà. Awakọ̀ tí bátìrì rẹ̀ bá kú, àfi kó wá bá mi, tàbí kó gbé e dé Kábbà, kí iṣẹ́ ọjọ́ méjì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n pe awakọ̀ kan ní Jímọ̀. Ọkọ̀ Alàájì kan ló ń wà. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó rí ṣòkòtò mi tí ásíìdì inú bátìrì ti jẹ, ó bi mí lójú gbogbo èrò pé, "Ṣé ìwọ àti eku lẹ jọ ń sùn ni?" Ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé àwàdà ni. Inú ló bí mi.

Bátìrì tó ti kú máa ń pẹ́ lórí iná, láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ tó bá lo wákàtí kan péré, tí ẹ so gílóòbù mọ́ ọn, gílóòbù á mọ́lẹ̀ kedere. Gílóòbù yẹn sì ni gbogbo awakọ̀ wa gbà gbọ́. Wákàtí kan ni mo máa ń fún Jímọ̀. Á rí iná, á dúpẹ́, á gbé e lọ. Tó bá di àárọ̀, ọkọ̀ ò ní jí.

Àwọn obìnrin tó ń gbé iṣu lọ sọ́jà á máa bú u. Ó dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́. Èmi náà á jáde lọ bá wọn ti ọkọ̀, kó lè rí mi.

Ó ra bátìrì tuntun, ó gbé e wá kí n ṣáàjì rẹ̀. Mo bu omi iyọ̀ sí i kó lè bàjẹ́.

Alàájì wá bá èmi nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Bátìrì ò ṣe nǹkan kan. Awakọ̀ yín ni ò mọ ọkọ̀ tọ́jú." Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún Jímọ̀ mọ́. Oko olóko ló ń ro ní Ekinrin-Adde. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu tuntun wá fún mi, torí pé mo máa ń bá òun ti ọkọ̀. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò Alàájì ti ra ọkọ̀, ó fẹ́ gbé e fún un, àmọ́ ó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Jímọ̀ ní òun ti dárúkọ mi. Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin náà ń bọ̀.

Bí mo bá yìn ín, á bi mí ìdí tí mo fi sọ nǹkan mìíràn fún ẹ̀gbọ́n òun. Bí mo bá jẹ́wọ́, awakọ̀ wo ló máa tún gbé bátìrì wá? Ọmọ mẹ́rin ni mo ní.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Awakọ̀ yín ni ò mọ ọkọ̀ tọ́jú."