Àwọn Kàyé Ọmọ Mi Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Sun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa mi, ẹni tí kò jẹ́ kí ìtìjú lé mi kúrò nínú ilé rẹ̀. Mo kí Pásítọ̀ wa, mo kí ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo kí ẹ̀yin bàbá, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fèrèsé yẹn, nítorí ẹ mọ̀ pé bí míkírò bá dé ọwọ́ ìyá Àbẹ̀kẹ́, oúnjẹ ọ̀sán á tutù nílé. Ẹ ní sùúrù fún mi lónìí. Mi ò ní lè gé e kúrú.

Ẹ ó rántí pé mo ti jẹ́ ẹ̀rí kan níbí lẹ́yìn ìsọjí tó kọjá. Mo ní Olúwa ti gba ilé mi àti ọmọ mi lọ́wọ́ ohun òkùnkùn, mo ní mo ti kó o dà sínú iná. Ẹ kọrin, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ará, irọ́ ni ẹ̀rí yẹn. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á o, ṣùgbọ́n irọ́ ni, òun ni mo sì wá tún ṣe lónìí.

Ẹ mọ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo. Selestíìnì ni ilé ìwé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ni èmi ń pè é, torí pé mo bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí i kẹ́. Nígbà tó gba bákì, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ó lọ sí yunifásítì ní apá Kùtọnu. Ọmọ àwọn ìyá yòókù ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń kọ́ ìṣirò. Mo bi tèmi pé kí ló ń kọ́. Ó ní òun ń kọ́ nípa àwọn ará àtijọ́, àwọn ará Gíríìkì, àwọn ará Róòmù, àwọn ará Íjíbítì, bí wọ́n ṣe ń gbé, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú wọn, ohun tí wọ́n ń bọ. Mo ní, “Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?” Ó ní, “Rárá, Mààmá, wọ́n ti kú tipẹ́tipẹ́.” Mo ní, “Ta ni yóò wá gbà ọ́ síṣẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, wọ́n ní Íjíbítì àti Róòmù wà nínú Bíbélì, kó lọ bá wa wò wọ́n.

Nígbà ìsinmi, á wálé wá bá mi bó ẹ̀gẹ́. Bí ọ̀bẹ bá ti wà lọ́wọ́ wa báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka èdè kan tí kì í ṣe Faransé, tí kì í ṣe Fọ̀n, tí kì í ṣe Gùn: rósà, rósà, rósàm. Á tún un pè, á tún un pè. Èmi tí mo dàgbà sáàárín àwọn tó ń pe ọfọ̀, ara mi ò balẹ̀. Mo bi í, ó ní Látìnì ni, orúkọ òdòdó lòun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè. Mo ní òdòdó wo ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó jẹ́? Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ṣùgbọ́n kò dà nínú mi.

Ní ọdún tó yẹ kó jáde, wọ́n ní kó kọ ìwé ńlá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní memúwà, kó sì wá gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́. Àbẹ̀kẹ́ ní òun á kọ ọ́ lórí ògiri tí àwọn ará àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ yí ìlú wọn ká, òun á sì gbé yàrà Kétu wa, tí àwọn baba ńlá gbẹ́ yí ìlú po, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó dára, ṣùgbọ́n kó má ṣe wá da ohun tó ti wà nínú ìwé kọ fún àwọn. Kó lọ bá àgbà sọ̀rọ̀.

Àgbà yẹn ni Bàbá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tí ilé wọn wà létí yàrà ní Kétu, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo tẹ̀lé ọmọ mi lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í káwọ́ gbera níwájú àgbà ká máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wá. Iṣẹ́ tó bá ń ṣe lèèyàn ń bá a ṣe, ọ̀rọ̀ á máa jáde fúnra rẹ̀. Àgbàdo ni Bàbá ń yín kúrò lórí ṣùkù lásìkò yẹn, èmi náà jókòó ti agbọ̀n, mò ń bá wọn yín in. Àbẹ̀kẹ́ ń kọ̀wé. Bàbá ò gbà kó fi fóònù gba ohùn àwọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn bá ti kú. Kàyé kan gbáko, ìwé ìkọ̀wé, lọmọ mi kọ kún. Èmi ò tẹ́tí sí nǹkan kan o, ohun tí n ó sè lálẹ́ ni mò ń rò. Lẹ́yìn oṣù méjì, Bàbá sùn, wọn ò jí mọ́. A jọ lọ sin wọ́n ni.

Ìsọjí wa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan tí Àbẹ̀kẹ́ wà nílé. Ó ti lọ sí Pobè lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé náà. Ó fi àpò kàyé rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Pásítọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun òkùnkùn nílé kó o wá, ká sun ún. Mo délé, mò ń gbálẹ̀, mo fa àpò yẹn jáde, mo ṣí kàyé tó wà lókè. Kí ni mo rí? Obìnrin tí ejò hù lórí rẹ̀ dípò irun. Ọkùnrin tó ní ìwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́. Ajá olórí mẹ́ta. Ọmọ mi ló yà wọ́n, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Mo pa kàyé dé, mi ò ṣí ìkejì, gbogbo wọn ló ní èèpo aláwọ̀ búlúù kan náà. Mo rántí rósà, rósà, rósàm. Mo ní, áà, wọ́n ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Mo sáré gbé àpò wá síbí. Pásítọ̀ ò bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi náà ò sọ. Kàyé márùn-ún ni mo jù sínú iná yẹn, mo sì dúró títí wọ́n fi di eérú.

Àbẹ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ó ní, “Mààmá, àpò mi dà?” Mo gbé àyà sókè, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ì bá pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ní, “Gbogbo rẹ̀?” Mo ní gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Àti ti Bàbá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀?” Ibẹ̀ ni àyà mi ti já.

Ó ṣàlàyé àwọn àwòrán náà fún mi láìgbé ohùn sókè. Ó ní ìtàn tí àwọn ará Gíríìkì ń pa fún ọmọ wọn ni, òun yà á kó lè dúró sí òun lórí ni, bí èmi ṣe ń pa ìtàn ìjàpá fún òun. Ó ní àwọn kàyé mẹ́rin òun lè rí irú wọn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ti Bàbá ò sí níbì kankan mọ́ láyé. Òpin oṣù ni òun gbọ́dọ̀ gbé ìwé sílẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ Bàbá nínú rẹ̀, wọn ò ní gbà á. Mo yíjú sí bàbá rẹ̀ kí wọ́n bá mi dá sí i. Wọ́n ní, “O ti sun ún. Lọ bu eérú rẹ̀ kó o máa kà á.”

Ọmọ mi kó ẹrù rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Pobè. Kó tó lọ, ó ní òun ò lè wọ ilé ìjọsìn tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ lórí eérú ìwé òun. Ẹ̀yin ń bi mí léèrè rẹ̀, mò ń sọ pé ó ń kàwé. Irọ́ kejì nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ pé bó bá pè mí, á bi mí ohun tí mo jẹ, á bi mí nípa adìẹ mi, á ní kí n fi fóònù sẹ́nu ewúrẹ́ kóun gbọ́ ohùn rẹ̀, ó wá di “Ẹ kú àárọ̀, mà. Ó dàbọ̀, mà.” Ó dùn mí dé egungun.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Bàbá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Gábọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gbé, wọn ò mọ nǹkan kan. Nígbà náà ni mo rántí pé ẹni kan ṣì wà tó wà níbẹ̀, èmi náà ni. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ gbé ìwé àti bíìkì ìkọ̀wé, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ó yá, sọ ọ́.” Ikọ́ Bàbá nìkan ni mo rántí.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, “Olúwa, ìwọ ni mo rò pé mò ń ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ yẹn gba etí mi kọjá. Ibi tó bá gbà lọ, ìwọ mọ ibẹ̀. Má jẹ́ kí n pàdánù ọmọ mi nítorí ìwà wàdùwàdù mi.” Mo sunkún, mo fi aṣọ nu imú.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣínu, mo gbé àgbàdo irúgbìn sílẹ̀ kí n yín in, torí òjò ti ń ṣú. Ṣùkù kìíní, ìkejì. Níbi tí mo ti fẹ́ mú ìkẹta, mo gbọ́ ohùn Bàbá nínú orí mi ketekete, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀. Mo yín sí i, ọ̀rọ̀ ń jáde. Mo dáwọ́ dúró kí n lè rò ó dáadáa, ó lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í yín in, ó padà. Ará, Olúwa ò fi ọ̀rọ̀ yẹn sí orí mi, ọwọ́ mi ló kó o sí.

Mo pe Àbẹ̀kẹ́. Mo ní, “Má tíì sọ pé ó dàbọ̀. Bàbá ní, ‘Ewúrẹ́ ló fẹ́ tú Kétu, kì í ṣe ogun.’” Igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n gbìn sétí yàrà kí ọ̀tá má bàa kọjá ni Bàbá ń sọ, pé nígbà tó ṣì kéré, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, wọ́n wá yan ọmọdé kọ̀ọ̀kan láti máa lé wọn. Àbẹ̀kẹ́ ní, “Mààmá, kí ni wọ́n sọ tẹ̀lé e?” Mo ní, “Jẹ́ kí n yín àgbàdo díẹ̀ sí i.” Ó ní, “Mò ń bọ̀.”

Ó dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ń yín, òun ń kọ. Bí ilé tí kò lọ́kùnrin ṣe ń dáná fún ilé kejì kí wọ́n lè bá a gbẹ́ ipa tirẹ̀ nínú yàrà. Bí àwọn obìnrin ṣe ń fi ẹní tó ti ya ru iyẹ̀pẹ̀, torí agbọ̀n iṣu kò ṣeé bà jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀rù tó bà wá ni pé àgbàdo wa tán, ìtàn ò tíì tán. Mo bọ́ sí àdúgbò, mo ní ta ló ní àgbàdo tí mo lè bá yín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wá. Ìyàwó àbúrò mi gbé àpò méjì wá láti Kpankou lórí alùpùpù, ó ní bí mo bá fẹ́, ẹ̀pà náà wà. Àtàǹpàkò mi bó. Àbẹ̀kẹ́ ń fi òróró pa á fún mi lálaalẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín mi. Ẹ̀rín yẹn tù mí ju òróró lọ.

Ó gbé ìwé sílẹ̀ ní àkókò. Ọjọ́ tó fẹ́ gbèjà rẹ̀, èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Faransé ni wọ́n ń sọ, bàbá rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Olùkọ́ obìnrin kan ní ọ̀rọ̀ àgbà yìí dùn mọ́ òun púpọ̀, ó wá bèèrè kàyé tí Àbẹ̀kẹ́ kọ ọ́ sí níwájú Bàbá. Mo mọ̀ pé bó bá sọ ọ́ báyìí, gbogbo orí inú gbọ̀ngàn yẹn á yíjú sí mi, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ.

Ọmọ mi ò wẹ̀yìn. Ó ní, “Iná mú un, mà.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ní, “Báwo lo ṣe wá rí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí?” Ó ní, “Bàbá ló sọ ọ́. Ìyá mi ló bá mi pa á mọ́.”

Èmi tí mo sun ún! Èmi ni ọmọ mi dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, tó pè ní ẹni tó pa á mọ́. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, torí pé mo ti ń sunkún sókè. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n yìn ín gan-an. Ohun tí wọ́n sọ pọ̀, mi ò gbọ́ ọ.

Ọmọ mi bo àṣírí mi níbẹ̀, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín yín, mi ò fẹ́ ìbora, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló mú kí àwọn kan máa pè é ní ẹni tó ń bọ òrìṣà. Mo gbọ́ ọ. Kò bọ nǹkan kan. Ìwé ló ń kọ́. Bí òkùnkùn bá wà nílé wa lọ́jọ́ yẹn, inú èmi ìyá rẹ̀ ló wà, èmi tí mi ò béèrè kí n tó ṣáná sí i. Ìyẹn ni Olúwa gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò bẹ Àbẹ̀kẹ́ pé kó bá mi wá sílé Ọlọ́run, ojú ò jẹ́ kí n lè bẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ yìí, mo ti gbé Bíbélì mi, mo ti dé ojúde, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: “Mààmá, ẹ dúró dè mí.” Òun ló wà nídìí ilẹ̀kùn yẹn, tó sorí kọ́, tí kò mọ̀ pé mo máa sọ èyí. Ẹ yíjú padà, ẹ wò ó. Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí. Ẹ dìde, ẹ bá mi kí i káàbọ̀, kẹ́ ẹ sì bá mi yọ̀, ọmọ mi ti dé.