Ojú Ewé Tí Mo Fà Ya Nínú Ìwé Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Lẹ́tà kan tó dé láti Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó kọ èyí. Alájà, oníṣòwò tó mú un wá, ń padà sílé ní òpin oṣù, ó sì ń retí ohun tí mo máa fi rán an.

Sharjah ni mò ń gbé, ní Al Taawun. Deira ní Dubai ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Èmi ni mò ń túmọ̀ orúkọ ọjà láti Gẹ̀ẹ́sì sí Sípáníìṣì fún àwọn oníbàárà tó ń wá láti Malabo. Wọ́n máa ń yìn mí. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ ló ni ín. A kì í ṣe ọmọ ìyá, bedspace, yàrá tí kálukú ti ń háyà ibùsùn kan, ló pa wá pọ̀. Malabo, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Panya, ni wọ́n bí wọn sí, nígbà tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ oko kòkó níbẹ̀. Ìwọ̀nba iléèwé tí wọ́n lọ, ọ̀hún ni wọ́n ti lọ. Nítorí náà, Sípáníìṣì nìkan ni wọ́n lè kà dáadáa. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu lásán ni.

A jọ ṣe ìwé kan, ní ọjà Deira lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́ tèmi. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ, bí ọmọ iléèwé ṣe ń bá àgbà kọ lẹ́tà nílé. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ tí ìtumọ̀ wọn ju ẹyọ kan lọ ló wà nínú ìwé náà. "Light" nìkan gba ojú ewé kan. Bó bá jẹ́ iná, luz ni. Bó bá jẹ́ ẹrù tí kò wúwo, ligero. Bó bá jẹ́ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, claro. "Nail" tí wọ́n fi ń kan pákó, clavo ni, ti ìka ọwọ́ sì ni uña.

Bí mo bá fẹ́ yára kọ, Ẹ̀gbọ́n á di ọwọ́ mi mú. "Má tíì kọ ọ́ jàre. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n á dìde lọ bá oníbàárà, wọ́n á bi í, wọ́n á fọwọ́ kan ọjà náà kí wọ́n tó sọ ìtumọ̀ kankan. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àfi bíi pé àwọn gan-an ló fẹ́ rà á.

Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà nínú ìwé náà látòkè délẹ̀, àfi ojú ewé àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn kọ orúkọ wọn sí pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tó wọ́. Wọ́n kọ orúkọ Tóyìn sí abẹ́ rẹ̀. Tóyìn ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló wà ní Mushin nígbà náà. Wọ́n ní tirẹ̀ ni ìwé náà lọ́jọ́ iwájú.

Visit visa ni wọ́n fi wọlé. Nígbà tó fẹ́ parí, wọ́n ní láti jáde lọ dúró sí erékùṣù kan ní ìhà Iran, títí Mudir, ọ̀gá ọ́fíìsì, yóò fi bá wọn gba visa iṣẹ́. Ẹyọ visa kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ Mudir. Ẹ̀gbọ́n fi ìwé náà àti fọ́tòkọ́pì pásípọ́ọ̀tù wọn lé mi lọ́wọ́ kí n kó o fún un, kí Mudir lè fi ìwé náà rí i pé Ẹ̀gbọ́n mọ iṣẹ́ náà. "Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé o, àbúrò mi."

Visa tèmi náà ti ń parí lọ. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Satwa ti fẹ́ kógbá sílé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ pé ẹnu ló yọ̀. Kí n tó wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti fa ojú ewé àkọ́kọ́ ya, tí mo jù ú sínú pàǹtí.

Mudir ṣí ìwé náà wò. "Very good. Whose writing, sister?"

Mo ní èmi ni. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

"And Ronke?"

"She has gone home, sir. She is not coming back."

"Khalas. Finished. Bring your passport."

Ẹ̀gbọ́n pè láti erékùṣù sórí fóònù aṣọ́lé wa nígbà mẹ́ta. "Àbúrò mi, ṣé visa yẹn ti jáde?" Màá ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Mudir ní inshallah, lọ́la." Fọ́tòkọ́pì pásípọ́ọ̀tù wọn sì wà nínú báàgì mi. Nígbà kẹrin, èmi ni wọ́n ń tù nínú. "Má da ara ẹ láàmú. Kádàrá ni. Mo ń lọ sílé. Bá mi tọ́jú ìwé wa." Ìwé wa ni wọ́n pè é.

Wọn ò rí visa mìíràn gbà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń bá ènìyàn fọṣọ, wọ́n ń bá wọn lọ̀ ọ́, ní Mushin. Èmi sì wà lórí àga wọn. Ohun tí mo mọ̀ kò kọjá inú ìwé yẹn, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń méfò ni.

Lẹ́tà tí Alájà mú wá rèé: "Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Tóyìn ló ń bá mi kọ èyí. Ó ti parí ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ ògbufọ̀ ló fẹ́ kọ́. Jọ̀ọ́, fi ìwé wa rán Alájà. Mo sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní mò ń tan òun ni. Jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i." Tóyìn wá kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀: "Àǹtí, ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú màmá mi ní Dubai." Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lánàá, mo gbé bébà, mo fẹ́ ṣe àdàkọ àwọn lẹ́tà wíwọ́ yẹn. Ojú ara mi tì mí. Mo fa òun náà ya.

Bí mo bá kọ òtítọ́ ní Yorùbá, Tóyìn ni yóò kà á sétí ìyá rẹ̀. Ṣé ẹnu ọmọ ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ? Mo ní kí n kọ ọ́ ní Sípáníìṣì kí wọ́n lè dá a kà. Mo mọ perdón, òun ni àwọn oníbàárà ń sọ bí wọ́n bá ṣèèṣì gbún ènìyàn ní Deira. Mi ò ṣèèṣì. Mo wá ọ̀rọ̀ tó tó ohun tí mo ṣe nínú ìwé náà, kò sí. Ọjà ló kún ibẹ̀. Ẹni tí mo lè bi léèrè, Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n fi rán Alájà?