Ohùn Tí Mo Rán Sí Yàrá Yèyé

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Iloffa, àti ẹ̀yin ọmọ Yèyé tí ẹ wà ní Èkó àti Kàdúná, èmi Owólabí, akọ̀wé káńsù, ni mo kọ ìwé yìí, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú mi. Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí nínú bí ìkán ṣe ń jẹ igi àjà. Ó ti dé ibi tí n kò lè bò ó mọ́. Gbogbo yín ń sọ pé òkú ló pe Yèyé. Òkú kò pe Yèyé. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n.

Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Osi ni mo ti mọ̀wé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ti oko bọ̀ síbẹ̀ láìjẹun. Ọjọ́ Túsìdeè kan lọ́dún 1974, òjò pa ìwé ìtàn mi, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì da gbogbo rẹ̀ kọ láti inú ìwé ẹni ẹlẹ́ni. N kò gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìlọrin lọ́dún 1996, tí mo gbé e sí pálọ̀, tí sípíkà rẹ̀ méjèèjì ń kọrin, mo ní ìyà mi ti di èrè. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò wa. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Yèyé, ìyá Ọlágòkè, tíṣà aládùúgbò mi, ń wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nítorí ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tèmi. Èmi ni mo ń ka lẹ́tà àwọn ọmọ rẹ̀ fún un. Á ní, "Owólabí, ìwọ ni ojú mi, ìwọ ni etí mi." Ìyá tèmi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé àwáwí ni mo ń ṣe o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo ń jowú lé lórí.

Ní oṣù Kejìlá 1997, ẹ̀gbọ́n Ọlágòkè ti Èkó dé fún ọdún, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tuntun fún un. Sípíkà rẹ̀ kò ní wáyà. Àpótí kékeré kan ni wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà, òun ló ń ju ohùn sáfẹ́fẹ́, sípíkà á sì gbà á níbikíbi tó bá wà nínú ilé bí ìgbà tí rédíò ń gbọ́ Ìlọrin. Ẹsẹ̀ Yèyé ti kọ̀ láti rìn nínú ọyẹ́ ọdún náà, Ọlágòkè sì gbé sípíkà kan sí ojú fèrèsé rẹ̀. Bí Yèyé kò ṣe wá sí pálọ̀ mi mọ́ nìyẹn. Àwọn ìyókù tẹ̀ lé e. Alàgbà Mùhísínì aránṣọ nìkan ló ṣì ń yà, lọ́jọ́ kan wáyà mi sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó nàró, ó gbọn agbádá rẹ̀. "Owólabí, tìrẹ dára o, ṣùgbọ́n o so ó mọ́ èèkàn bí ewúrẹ́! Tọ̀hún ń jẹ̀ káàkiri ilé."

Ó tún un sọ lẹ́nu ọ̀nà Ọlágòkè. Ẹ̀rín tí wọ́n rín níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó rín in. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àléébù sípíkà Ọlágòkè fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mo ní ó ń jẹ bátìrì bí ọmọdé ṣe ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní bí ẹ̀rọ ìlọta bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, híhó ni yóò máa hó, ṣùgbọ́n ohun tí o bá fi sínú wáyà náà ni wáyà yóò gbé jáde. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlara ló ń sọ òótọ́ náà lẹ́nu mi. Fúnkẹ́, ìyàwó Ọlágòkè, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, sípíkà tí kò dára yìí náà lẹ máa ń na ọrùn gbọ́ láti ojú fèrèsé yín?"

Ní oṣù kejì, mo lọ ra irú rẹ̀ gan-an ní Ìlọrin. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Bí aládùúgbò yín bá ní irú rẹ̀, ẹ yí bọ́tìnì tó wà nídìí rẹ̀ o. Bí ẹ kò bá yí i, ẹ ó máa gbọ́ ara yín." Mo délé, mo tàn án, orin Ọlágòkè ló ń ti inú sípíkà tèmi jáde. Ọwọ́ mi dé ibi bọ́tìnì náà. Mo mú ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. N kò yí i, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ Moróhunfọ́lá, ọmọ Yèyé tó wà ní Kàdúná, tí wọ́n ti ká ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: "Yèyé, ẹ kú ilé o, èmi ọmọ yín ni." Mo sì gbọ́ ẹ̀rín Yèyé láti ẹ̀yìn ògiri. Kò rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nílé mi rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àlejò kún ọ̀dọ̀ Ọlágòkè, mo so maikirofóònù mọ́ kọ̀ǹpútà mi, àpótí tèmi sì ń ju ohùn sínú sípíkà tiwọn, mo wá fi ṣíbí ha á. Ariwo náà burú. Wọ́n tú ká, Ọlágòkè sì ń tọrọ àforíjì lẹ́nu ọ̀nà. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù kẹta, lọ́sàn-án, Ọlágòkè wà ní ilé-ìwé, Fúnkẹ́ lọ sọ́jà. Wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọn kò pa sípíkà Yèyé. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìrí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀rù á bà á, á ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jù, kí wọ́n sì gbé òun padà wá sí pálọ̀ mi. Mo mú kí ohùn mi ki bí ti àgbàlagbà nínú maikirofóònù, mo ní, "Àwẹ̀ró." Ọkọ rẹ̀ olóògbé nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú bàbá náà. Kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: "Bàbá? Ẹ mà pẹ́ o. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ǹ bá ti pa ẹ̀rọ náà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀, ayọ̀ náà kì í sì í ṣe tèmi. Mo jowú òkú. Mo ní, "Máa bọ̀."

Nígbà tí Fúnkẹ́ dé, Yèyé ní, "Má ṣe se oúnjẹ fún mi mọ́, bàbá ti pè mí, mo sì ti dá wọn lóhùn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó fún mi ní òfì ọkọ rẹ̀. "Gbà á, ọmọ tí n kò bí." Mo nawọ́ gbà á. Lọ́jọ́ kẹta, Ọlágòkè wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ẹ̀rọ yìí lè pe èèyàn lórúkọ?"

Mo ní, "Rárá o. Ẹ̀rọ kì í mọ oríkì."

"Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó dá mi lójú."

Ibí yìí ni mo ti burú jù. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu mi, Yèyé ì bá tún jẹun. Ojú ló ń tì mí, mo sì fi ẹ̀mí rẹ̀ bo ojú tó ń tì mí. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fúnkẹ́ bí ọmọkùnrin. Mo ní kí wọ́n fún un ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀. Ọlágòkè mi orí. "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi ti di òkú tó ń peni. N kò lè fi orúkọ wọn, Ọládipúpọ̀, sọ ọmọ." Ọ̀rọ̀ yìí ló tú mi sílẹ̀. Mo ti pa ìyá, mo tún ti ba orúkọ bàbá jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ìlara bá ń ṣe, kó tètè sọ ọ́ fún ẹnì kan kó tó mọ ohun tó lè fi ṣe. Ọlágòkè, àbúrò mi, ṣe mí bó ṣe tọ́ lójú rẹ. Bí o bá lè foríjì mí, foríjì mí. Bí o kò bá sì lè ṣe é, n kò ní bi ọ́ ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ìkómọ. Bàbá rẹ kò pe ẹnikẹ́ni. Fi Ọládipúpọ̀ sọ ọmọ náà.