Bóòtù Abẹ́ Họ́ńdà Rájí

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin mẹkáníìkì Iléṣà àti Òṣogbo, ẹ fi ẹ̀wà ọdún Ògún yìí sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ti padà dé ọ̀fun mi, mi ò sì lè dá a dúró mọ́. Rájí, má jókòó sẹ́yìn, bọ́ síwájú. Tìrẹ ni.

Gbogbo yín lẹ mọ àríyànjiyàn wa. Èmi Ògúndìran, Tòyótà ni mo fara mọ́; Rájí ará Òkè Fíà, Họ́ńdà ni tiẹ̀. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni méjèèjì. Mo ní irin ẹ́ńjìnnì Tòyótà nípọn, bí a bá de tọ́bò tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, yóò gbà á bí ẹni ń mumi. Rájí á fò sókè: "Kí ni irin tó nípọn fẹ́ ṣe? Ẹ́ńjìnnì tèmi ń mí! Fún un láfẹ́fẹ́ kí o wò ó!" Áà, ayé dùn nígbà náà! Ni ẹgbẹ́ mẹkáníìkì wa bá ní ká lọ fi eré mọ́tò parí ẹ̀ lójú títì, láti Ìbòkun dé Iléṣà, ní ọjọ́ kejì ọdún Ògún.

Ẹ mọ àṣà wa: bí a bá ti so màrìwò mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú Ògún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí eré á fi parí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so ó, mo ti gbọ́ bí Họ́ńdà yẹn ṣe ń dún. Orí mi wú. Mo mọ̀ pé ó ti nà mí. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ ọdún, tí ẹ ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, èmi olóríburúkú yìí rá pálá wọ abẹ́ mọ́tò rẹ̀. Òkè la so màrìwò mọ́, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo tú bóòtù tó dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì, mo wá fọwọ́ lásán dá a padà kó lè jábọ́ lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rájí fẹ́ yẹ ọ́ìlì wò. Èmi ni mo pariwo: "Èèwọ̀! Má fọwọ́ kan màrìwò!" Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ mi o!

Họ́ńdà yẹn fò! Ọ́ìlì rẹ̀ ń ta sí gíláàsì iwájú mọ́tò mi, síbẹ̀ ó ń fi mí sílẹ̀ lọ. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń pariwo: "Ó dára! Ọlọ́run, ó mà dára o!" Ó ku díẹ̀ ká wọ Iléṣà kí ẹ́ńjìnnì náà tó há. Mo kọjá lára rẹ̀. Ẹ gbé mi sókè, ẹ pè mí ní ọ̀gá. Ẹ ní Rájí gbàgbé láti di bóòtù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sá, ó lọ ń roko ní Ìdó-Ọ̀ṣun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá bá mi. "Ògúndìran, jẹ́ n máa fọ ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ ni kí o máa di bóòtù. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi mọ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Rájí, o ò gbàgbé nǹkan kan. O di bóòtù yẹn débi pé mo fẹsẹ̀ ti táyà, mo fi gbogbo ara fa sípánà kó tó gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Họ́ńdà ló borí, láìní ọ́ìlì. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Sípánà ọjọ́ náà rèé. Họ́ńdà kan wà níta, wọn ò tíì so màrìwò mọ́ ọn. Rájí, gbà á, lọ fi ọwọ́ ara rẹ di bóòtù rẹ̀.