Kì í Ṣe Ohùn Màmá Leah Lẹ Ń Gbọ́

Ẹ̀yin oníbàárà mi ní Kánádà, ní Lọ́ńdọ̀nù àti níbi gbogbo tí ẹ ti ń ra ewé marúgbó, irú àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ mi lórí Wásáàpù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà ránṣẹ́ lónìí. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá yẹn. Màmá Leah tó ń súre fún yín ti kú láti oṣù kọkànlá ọdún 2017. Èmi Bísọ́dún ni mò ń fi ohùn wọn bá yín sọ̀rọ̀.

Mi ò ní fi ìyà bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀, àmọ́ ìyà jẹ mí. Lọ́dún 2016 ni iléeṣẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Alágbàká nílùú Àkúrẹ́ dá wa dúró. Sátífíkéètì tí mo gbà nílé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kò ríṣẹ́ mìíràn fún mi. Mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé onílé ní Ìjàpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń jẹun. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa ń lọ sí Oǹdó lọ kó ewé marúgbó, ewé ọbẹ̀ dúdú tí mò ń tà, lọ́dọ̀ Màmá Leah, opó kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń sá a ní ibòji. Orí itan ni mò ń gbé àpò náà lé títí dé Àkúrẹ́, kó má baà rún nínú bùtù ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóṣù kẹfà nìkan.

Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù tó wà ní Kánádà ló kọ́kọ́ fẹ́ rà. Ó ní, "Ta ló mọ̀ bóyá koríko ẹ̀yìnkùlé lẹ dì fún mi?" Nígbà tí mo dé Oǹdó, mo gbé fóònù sí Màmá lẹ́nu láti gba ohùn wọn sílẹ̀ fún un. Wọ́n wò ó. "Inú nǹkan pẹlẹbẹ yìí náà ni odindi ọkùnrin wà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Adépọ̀jù, ṣé òtútù ti gba ahọ́n rẹ ni? Sè é, kí o jẹ ẹ́. Ilé rẹ kò ní dahoro. Ṣé o gbọ́?" Adépọ̀jù sunkún. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ra ọjà a ní kí Màmá fi orúkọ òun súre. Màmá kò kọ̀ fún ẹnì kankan rí.

Títílayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ló pè mí pé Màmá ò jí. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: ogójì ènìyàn ló ń dúró de ìre Kérésìmesì. Èmi burúkú yìí! Mo lọ síbi ìsìnkú, mo sunkún, mo padà sílé, mo fi aṣọ bo orí, mo sì gba ohùn ara mi sílẹ̀ bíi ti Màmá. Ará Oǹdó ni ìyá àgbà tó tọ́ mi, èdè náà yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Fọlákẹ́, oníbàárà mi kan, dáhùn láti Lọ́ńdọ̀nù: "Màmá, ó ti rẹ̀ yín o. Ẹ lọ sinmi." Wọ́n sì ti ń sinmi lóòótọ́, nínú ilẹ̀.

Èyí tó burú jù ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dún kejì, Títílayọ̀ wá bá mi ní Ìjàpọ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo ti ń gbàgbé bí Màmá ṣe máa ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ohùn wọn, ẹyọ kan péré." Ẹ̀rù bà mí pé bó bá gbé e sórí Fesibúùkù pé ìyá òun ti kú, ọjà mi parí nìyẹn. Mo ní, "Fóònù yẹn ti bàjẹ́, ọmọ mi." Abẹ́ ìrọ̀rí tó fẹ̀yìn tì ni fóònù náà wà. Kó má baà padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, bó ṣe jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ohùn Màmá rẹ́ níkọ̀ọ̀kan, méjìléláàádọ́fà. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, Màmá ti súre tán, wọn ò mọ̀ pé fóònù ṣì ń gbọ́. Wọ́n ń pariwo sí inú ilé: "Títílayọ̀ ò! Wá jẹun, kó tó tutù." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́.

Àná ni mo ránṣẹ́ pè é, tí mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó kàn béèrè ohun tí Màmá sọ nínú èyí tó gbẹ̀yìn. Mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Bí mo ṣe la ẹnu, ohùn Màmá ló fẹ́ jáde. Títílayọ̀ sáré na ọwọ́ sókè: "Rárá, Àǹtí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń dá ọjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí tiyín kùtà tó bá máa kùtà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ inú fóònù yín wò, títí kan èyí tó ti gbó. Ohùn èyíkéyìí tí ẹ bá rí níbẹ̀ tó ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún 2017, Màmá gan-an ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ńbà Títílayọ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí.