Mo Mọ̀ Pé Sàfúrátù Tẹ Suwiṣi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Obìnrin kan wà ní Ungwan Shanu níbí, nínú ìlú Kàdúná, tó gbà pé òun lòun ṣekú pa ọkọ òun. Sàfúrátù lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tó ti ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, tí àwọn àna rẹ̀ ń wò ó bí ẹni ń wo ejò inú ilé. Èmi sì mọ̀ pé kò jẹ̀bi. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni o, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló dán an wò. Gbogbo àsìkò yẹn náà lèmi fi pa ẹnu mi dé. Irú èèyàn wo tiẹ̀ ni mí?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣàlàyé bí àwọn nǹkan tó yí wa ká ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò lọ sí yunifásítì. Fíṣíìsì ni mo kà. Mo kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama fún ọdún mélòó kan kí iléeṣẹ́ rédíò kan tó fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí n máa fi Yorùbá bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀. Mo sọ ìdí tí wọ́n fi ń fi àlàfo sílẹ̀ láàrin irin lórí afárá, pé irin máa ń gùn sí i bí oòrùn bá mú un. Mo sọ ìdí tí súwẹ́tà fi ń ta èèyàn lára nígbà ọyẹ́, àti ìdí tí ìgò tó kún fómi fi ń fọ́ nínú fíríjì. Ọlọ́run fún mi lẹ́nu, n ò ní í purọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wá àfiwé tí yóò yé ìyá arúgbó. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ ní àsálátù, ẹnìkan á ní, "Àǹtí Rédíò ti sọ ọ́," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Inú mi a dùn ṣìnkìn. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́, n ò mọ̀.

Alfa Bùráímọ̀, ọkọ Sàfúrátù, ọmọ Ìlọrin, ló fẹ́ràn ètò mi jù lọ. Wọ́n á gbé rédíò wọn wọ ilé kéú, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ pa wàláà tì. "Ìmọ̀ ni èyí náà," ni wọ́n máa ń wí. Bí mo bá sọ ohun tí kò yé wọn, wọ́n á pè mí lórí fóònù, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè títí màá fi máa làágùn. Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ tó báyẹn, ààbọ̀ rẹ̀ ni mo bù fún wọn.

Lọ́sẹ̀ kan, mo ṣe ètò lórí bí èèyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ ibi tí à ń fi gílóòbù sí lókè àjà. Mo ní, "Iná dà bí omi ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti ti ẹ̀rọ, omi dúró. Bí ẹ bá ti tẹ suwiṣi, iná ò sí lókè mọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Wáyà méjì ló ń lọ sídìí gílóòbù: ọ̀kan ń gbé iná wá, èkejì ń dá a padà. Orí èyí tó ń gbé iná wá ló yẹ kí suwiṣi wà, àmọ́ ilé wà káàkiri tí ẹni tó fa wáyà ibẹ̀ ti gbé suwiṣi sórí èkejì. Bí ẹ bá tẹ irú suwiṣi bẹ́ẹ̀, gílóòbù ò ní í tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú wáyà lókè, bí omi ṣe máa ń kún inú páìpù lẹ́yìn ẹ̀rọ tí a tì. Mo mọ èyí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fẹ́ kà: kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé nídìí mítà, kí wọ́n sì fi tẹ́sítà, èyí tó máa ń tàn bí iná bá wà nínú wáyà, wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Málàm Sání tó ń bójú tó ètò náà wo aago, ó ní, "Haba Madam, lokaci ya kure. Kar ki rikita mutane." Pé àsìkò ti lọ, kí n má da orí àwọn èèyàn rú. Ṣé mo wá lè di ẹ̀bi rù ú? Ọwọ́ èmi ni bírò wà. Mo fagi lé e torí pé ó fẹ́ ba àfiwé omi mi tó dùn jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ibi tí gílóòbù ń wọ̀ nínú pálọ̀ Alfa jó. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n kírun Alásàrí tán, wọ́n gun tábìlì, wọ́n ní kí ìyàwó wọn tẹ suwiṣi kí iná kú. Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fọwọ́ kan wáyà, iná gbé wọn, wọ́n já lulẹ̀. Wọn ò délé ìwòsàn. Àwọn aládùúgbò tó rọ́ wọlé ti tẹ suwiṣi síwá sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo lọ síbi fìdáù ọjọ́ kẹta. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù wà lágbàlá, mo dá dúró sí pálọ̀, mo rí wáyà tó ń fì lókè. Tẹ́sítà kì í wọ́n nínú báàgì mi. Mo ń gun àga kàn án, mo ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ suwiṣi. Mo tẹ̀ ẹ́ sókè, tẹ́sítà tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó tún tàn. Mo dá tẹ́sítà padà sínú báàgì, mo jáde, mo bá wọn ṣe àmín àdúrà. Lọ́jọ́ kejì, mo yọ́ lọ bá onílé pé kó pe oníṣẹ́ wá tún wáyà pálọ̀ yẹn fà. Mo sọ fún ara mi pé kí iná má baà gbé ẹlòmíràn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan ṣoṣo tó lè gba Sàfúrátù sílẹ̀ ni mo fi bẹ́ẹ̀ pa rẹ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n Alfa, Alhaji Sálíù, dé láti Ìlọrin. Wọ́n dojú kọ opó náà níwájú àwọn àgbà. "O ní o tẹ suwiṣi. Níbo ni iná ti wá nígbà náà?"

"Wàláì, Alhaji, mo tẹ̀ ẹ́," ni Sàfúrátù ń wí.

Ni Alhaji bá yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ lórí rédíò pé béèyàn bá ti tẹ suwiṣi, iná ò sí lókè mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Alhaji." Ẹ gbọ́ èsì ọ̀mọ̀wé! Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Sàfúrátù wò mí, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó tẹrí ba. Kò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o, mo sì ń wò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni opó rẹ̀ pé. Ọjọ́ náà ni Alhaji ní àwọn ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ, pé àwọn ò lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ aláìbìkítà. Mo ti rò ó títí. Bí mo bá sọ ọ́, ètò mi tán, orúkọ mi bàjẹ́ ní gbogbo àsálátù Kàdúná, wọ́n sì lè ní mo ń parọ́ láti gbè é lẹ́yìn, torí wáyà tí wọ́n máa yẹ̀ wò ti di títúnṣe. Bí n ò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan, ẹ pa iná nídìí mítà, ẹ fi tẹ́sítà wò ó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé suwiṣi nìkan. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́.

Lánàá, Sàfúrátù pè mí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ọmọ iléèwé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ suwiṣi yẹn ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Mo rántí pé mo tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bẹ́ẹ ṣe sọ ọ́, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìka mi ṣe gan-an, kí n tó lè tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo ní mò ń bọ̀ lọ́la. Òní ni ọ̀la náà. Mo ti wọ híjáàbù mi, mo sì tún jókòó. Èmi tí mò ń ṣàlàyé fún gbogbo ìlú! Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?