Àga Préfet

Lọ́dún tí òṣèlú gbóná ní Lomé, níbi tí a tò sí fún káàdì ìdìbò ládùúgbò Tokoin, bàbá ará Atakpamé kan bi Àlàájà kan tí ẹbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tó wà níwájú rẹ̀, pé:

"Kí ló dé tí ti Nàìjíríà yín fi jẹ́ ìpínlẹ̀, tí tiwa jẹ́ agbègbè lásán?"

"Ìpínlẹ̀ ní àṣẹ tirẹ̀, Bàbá. Agbègbè ń retí àṣẹ láti Lomé."

"Ṣebí sójà ló pín in fún yín?"

"Sójà ló pín in. Àwọn ará ilé mi ló dìbò yan gómìnà."

"Préfet mẹ́rin, àwọn tó ń ṣàkóso wa, ni Lomé ti rán sí wa. Gbogbo wọn ni mo ru àga lọ pàdé lẹ́nu ìlú. A ò pe ìkankan nínú wọn."

"Ẹ ó ru ti ìkarùn-ún?"

"Bí a bá dìbò yàn án, màá ru àga rẹ̀. Bí Lomé ló bá tún rán an, kó ru àga rẹ̀ bọ̀."